Ìgbaradì sárésáré ẹgbẹ́ fún eré ìje Máràtọ́ọ̀nù

Ìgbaradì sárésáré ẹgbẹ́ fún eré ìje Máràtọ́ọ̀nù ni ètò eré sísá, oúnjẹ àti ìsinmi tí ọmọ ẹgbẹ́ sárésáré kan máa ń tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ó lè parí ìje kìlómítà 42.195 ní àkókò tó yá ju èyí tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Sárésáré ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹni tí eré sísá jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe, ó sì lè ní ìdílé tó ń bójú tó. Àárọ̀ kùtù, ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún un. Nítorí náà, ohun tó wà nídìí ìgbaradì rẹ̀ ni bí yóò ṣe lo ìwọ̀nba wákàtí tó ní láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Èrò tó gbilẹ̀ jù lọ láàárín àwọn olùkọ́ni eré ìje ni pé kí eré ìfẹ̀sọ̀sá pọ̀, kí eré líle mọ níwọ̀n, kí àròpọ̀ ìwọ̀n eré sì máa ga díẹ̀díẹ̀.

Ìtàn

Ẹgbẹ́ sárésáré ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Thames Hare and Hounds, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1868, wà lára àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ. Eré orí pápá àti inú igbó ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò tíì sí ìje tó ń jẹ́ Máràtọ́ọ̀nù nígbà náà. Ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a, Spyridon Louis ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì sì gbégbá orókè nínú rẹ̀ ní Ìdíje Òlímpíkì ti Áténì lọ́dún náà. Ní Òlímpíkì Lọ́ńdọ̀nù ti ọdún 1908 ni wọ́n sá kìlómítà 42.195 fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì di ìwọ̀n àjùmọ̀lò fún gbogbo àgbáyé ní ọdún 1921.

Àwọn ọ̀nà ìgbaradì tí àwọn ẹgbẹ́ ń lò lónìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n fi ara wọn dán nǹkan wò. Emil Zátopek, ọmọ Tsẹkoslofákíà, máa ń sá mítà 400 pẹ̀lú ìyára, á rọra fẹsẹ̀ sá díẹ̀ kí ó lè mí, á sì tún bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní Òlímpíkì Helsinki ní ọdún 1952, ó gba wúrà nínú ìje mítà 5,000, ti mítà 10,000 àti Máràtọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì sá Máràtọ́ọ̀nù rí kí ó tó di ọjọ́ náà.

Arthur Lydiard, tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàtà ní ìlú Auckland ní New Zealand, gba ọ̀nà mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ gba ipò kìíní nínú Máràtọ́ọ̀nù orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọdún 1953 àti 1955. Ó wá gbà pé ìpìlẹ̀ gbogbo eré ìje ni ọ̀pọ̀ kìlómítà tí a kò fi ipá sá, nǹkan bí 160 lọ́sẹ̀, kí a tó fi eré líle kún un. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ní Òlímpíkì Róòmù, Peter Snell gba wúrà nínú mítà 800, Murray Halberg sì gba ti mítà 5,000 ní ọ̀sán kan náà. Barry Magee gba bàbà nínú Máràtọ́ọ̀nù níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ Lydiard ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gba ẹ̀kọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ron Hill, onímọ̀ kẹ́mísírì aṣọ tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ lọ, sá Máràtọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 28 ní ìdíje Commonwealth ti Edinburgh ní ọdún 1970. Nígbà tí Máràtọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1981, Joyce Smith ni obìnrin tó kọ́kọ́ dé ìparí, ní wákàtí 2:29:57. Ẹni ọdún 43 ni, ìyá ọlọ́mọ méjì sì ni. Ó padà wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún gba ipò kìíní, àkókò rẹ̀ sì yá díẹ̀ sí i. Ìtàn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé àtúnṣe àkókò kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan.

Ìdí tí okun fi ń tán lára

Orísun agbára méjì ni iṣan ara ń lò nígbà tí ènìyàn bá ń sáré: ọ̀rá àti gláíkójìn. Gláíkójìn ni ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ọ̀rá pọ̀ lára gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ara kì í tètè sọ ọ́ di agbára. Gláíkójìn yá lójú méjèèjì, àmọ́ kò pọ̀. Nǹkan bí kálórì 2,000 ni ẹni tó jẹun dáadáa máa ń ní nípamọ́.

Sárésáré máa ń ná nǹkan bí kálórì 1 fún kìlógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 70 yóò ná nǹkan bí kálórì 2,950 kí ó tó dé ìparí Máràtọ́ọ̀nù. Èyí fi hàn pé gláíkójìn nìkan kò lè gbé e délé. Ọ̀rá ara rẹ̀ àti ohun tó bá jẹ lójú ọ̀nà ni yóò dí àlàfo náà. Bí ìyára bá sì ṣe ń ga sí i ni ara ń ná gláíkójìn púpọ̀ sí i tó sì ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Ẹni tó bá ti sáré ju agbára rẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rí i pé ẹsẹ̀ òun wúwo bí òjé láti nǹkan bí kìlómítà 30, tí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kò sì lè mú un yára mọ́.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí ènìyàn ṣe lè yára tó nínú ìje yìí. Èkíní ni ìwọ̀n ọ́síjìn tí ara lè lò ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì ni ìyára tó ga jù tí ara lè fara dà fún ìgbà pípẹ́ kí láktéètì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta ni iye agbára tí ara ń ná kí ó tó lè sá kìlómítà kan. Eré ìfẹ̀sọ̀sá tí a ń sá léraléra máa ń jẹ́ kí ọkàn tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan, ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀ sí i nínú ẹsẹ̀, ó sì ń kọ́ ara láti lo ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ oṣù ni irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ń gbà, kò sì sí ọ̀nà àbùjá.

Yíyan àkókò àfojúsùn

Àfojúsùn tó bójú mu kì í ti inú ìfẹ́ ọkàn wá. Inú ìje kúkurú tí sárésáré ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ni ó ti ń wá. Ìlànà ìṣirò kan tí Pete Riegel, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ fi hàn pé kí a ṣe ìsọdipúpọ̀ àkókò ìdajì Máràtọ́ọ̀nù pẹ̀lú nǹkan bí 2.085. Ẹni tó sá ìdajì náà ní wákàtí 1:30:00 lè retí nǹkan bí 3:07:40. Ẹni tó bá fẹ́ sá odindi láàárín wákàtí 3 gbọ́dọ̀ lè sá ìdajì ní nǹkan bí 1:26:00. Ìṣirò yìí kò ṣẹ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kìlómítà rẹ̀ lọ́sẹ̀ kéré yóò sábà pẹ́ ju bí ó ti sọ lọ, nítorí pé ó ní ìyára ṣùgbọ́n kò ní ìfaradà.

Ìyára tí àwọn àfojúsùn tó wọ́pọ̀ ń béèrè nìyí:

Wákàtí 2:45 – ìṣẹ́jú 3:55 fún kìlómítà kan
Wákàtí 3:00 – ìṣẹ́jú 4:16
Wákàtí 3:15 – ìṣẹ́jú 4:37
Wákàtí 3:30 – ìṣẹ́jú 4:59
Wákàtí 4:00 – ìṣẹ́jú 5:41

Fún àwọn kan, àkókò yìí ni yóò sọ bóyá wọn yóò lè wọ ìje rárá. Láti ọdún 1970 ni Máràtọ́ọ̀nù Boston ti ń béèrè pé kí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ kópa kọ́kọ́ sá àkókò kan níbòmíràn.

Àwọn oríṣi eré sísá

Eré ìfẹ̀sọ̀sá ni èyí tí sárésáré lè máa bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ nígbà tó ń sá a lọ, láìsí pé ó ń mí gúlegúle. Fún ẹni tó ń lépa wákàtí 3, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 5:00 sí 5:40 fún kìlómítà kan. Stephen Seiler, onímọ̀ nípa ìdárayá, ṣàkíyèsí pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbaradì àwọn ọ̀gá eléré ìfaradà ni wọ́n ń ṣe ní irú ìwọ̀n ìrọ̀rùn yìí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ni kí ènìyàn máa sá eré ìfẹ̀sọ̀sá bí ẹni ń díje pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rẹ̀ jù láti ṣe eré líle bí ó ti yẹ, síbẹ̀ èyí tó sá kò le tó láti mú un yára sí i.

Eré gígùn ni ìpìlẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 18 tàbí 20, á sì ga dé 30 sí 35. Ó ń kọ́ ara láti ná ọ̀rá, ó ń mú egungun àti iṣan le, ó sì ń fún sárésáré láǹfààní láti dán oúnjẹ àti bàtà tí yóò lò lọ́jọ́ ìje wò.

Eré àfaradà ni èyí tí a ń sá ní ìyára tí ènìyàn lè gbé dúró fún nǹkan bí wákàtí kan nínú ìje. Ìṣẹ́jú 20 sí 40 ni a sábà ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tó ń lépa wákàtí 3, ìyára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 4:03 fún kìlómítà kan.

Eré àsásinmi ni èyí tí a pín sí ìpín ìpín, bí àpẹẹrẹ kìlómítà kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní ìyára ìje kìlómítà 5, pẹ̀lú ìsinmi ìfẹ̀sọ̀sá láàárín wọn. Òun ni ó ń gbé ìwọ̀n ọ́síjìn tí ara lè lò ga.

Eré ìyára ìje ni kìlómítà tí a sá ní ìyára Máràtọ́ọ̀nù gan-an, tí a sábà ń fi sí ìparí eré gígùn. Ó ń kọ́ ẹsẹ̀ láti mọ ìyára náà láìwo aago.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe máa ń rí

Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pàdé, wọ́n sì ń sá eré gígùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àpẹẹrẹ ọ̀sẹ̀ kan ní àárín ìgbaradì fún àfojúsùn wákàtí 3 nìyí:

Ọjọ́ Ajé – ìsinmi.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun – kìlómítà 13, nínú èyí tí kìlómítà 6 jẹ́ eré àsásinmi.
Ọjọ́rú – kìlómítà 12, ìfẹ̀sọ̀sá.
Ọjọ́bọ̀ – kìlómítà 13, nínú èyí tí nǹkan bí kìlómítà 7 jẹ́ eré àfaradà.
Ọjọ́ Ẹtì – ìsinmi.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta – kìlómítà 10, ìfẹ̀sọ̀sá.
Ọjọ́ Àìkú – kìlómítà 30, ìfẹ̀sọ̀sá.

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 78. Nínú rẹ̀, 13 péré ni eré líle, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́fà. Bí eré ìyára ìje bá wà nínú ti ọjọ́ Àìkú, a máa ń yọ ọ̀kan kúrò nínú eré líle àárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ dí lọ́wọ́ lè fi ọjọ́ Àbámẹ́ta sílẹ̀, ṣùgbọ́n eré gígùn ni èyí tí a kì í fẹ́ kó yẹ̀.

Ìgbaradì máa ń gba ọ̀sẹ̀ 16 sí 18. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ wà fún fífi kìlómítà kún kìlómítà. Ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e ni eré ìyára ìje àti eré àfaradà ń pọ̀ sí i. Ìyókù jẹ́ ti ìdẹwọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, nítorí náà ọ̀pọ̀ olùkọ́ni máa ń dín kìlómítà kù ní ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́rin kí ara lè gba èyí tí a ti ṣe mọ́ra.

Ìpalára àti ìsinmi

Ìpalára ló ń ba ìgbaradì jẹ́ ju àìyára lọ. Ibi tó wọ́pọ̀ ni orúnkún, ojúgun, àtẹ́lẹsẹ̀ àti iṣan ńlá tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ìrora tó tàn káàkiri ẹsẹ̀ lẹ́yìn eré líle sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó dúró sójú kan lórí egungun, tó sì ń le sí i bí a ṣe ń sáré, lè jẹ́ àmì pé egungun ti fẹ́ sán. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró kí ó sì rí dókítà. Ọ̀sẹ̀ kan tí a fi sinmi kò ba ìgbaradì jẹ́, ṣùgbọ́n egungun tó sán lè gba oṣù púpọ̀.

Ẹni tó ń sáré púpọ̀ tí kò sì jẹun tó ń fi egungun àti ìlera rẹ̀ wéwu. Lára obìnrin, kí nǹkan oṣù dúró nígbà tí kò lóyún jẹ́ àmì pàtàkì tí kò yẹ kí a fojú fò, kì í ṣe ẹ̀rí pé ìgbaradì ń lọ dáadáa. Ìrora àyà tàbí dídákú nígbà eré sísá jẹ́ ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ẹsẹ̀ tó tún kan títì.

Oorun jẹ́ apá kan ìgbaradì. Nígbà oorun ni ara ń ṣe púpọ̀ nínú àtúnṣe iṣan, ẹni tó bá sì ń gé oorun rẹ̀ kúrú kí ó lè fi kìlómítà kún un ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́lé, ó ń fi tòsì wó o.

Oúnjẹ àti omi

Ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Swídìn, tí Jonas Bergström àti Eric Hultman wà lára wọn, gbé èsì ìwádìí jáde tó fi hàn pé oúnjẹ afúnnilókun máa ń mú gláíkójìn inú iṣan pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn lè ṣiṣẹ́ pẹ́ sí i. Ron Hill lo ìlànà tó jáde láti inú rẹ̀ kí ó tó gba wúrà Máràtọ́ọ̀nù ti ilẹ̀ Yúróòpù ní Áténì ní ọdún 1969. Nígbà náà, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi oúnjẹ afúnnilókun du ara fún ọjọ́ mélòó kan. Lónìí, wọn kì í sábà ṣe ìyẹn mọ́. Ìmọ̀ràn tó wà ni pé kí sárésáré jẹ gíráàmù 8 sí 12 oúnjẹ afúnnilókun fún kìlógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ kan ààbọ̀ sí méjì kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pasítà dára fún un. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ púpọ̀ lè da inú rú lọ́jọ́ ìje.

Lójú ọ̀nà, gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gbà. Gíráàmù 60 jẹ́ kálórì 240. Fún wákàtí 3, ó jẹ́ 720, ìyẹn apá tó pọ̀ nínú àlàfo tí a ti sọ lókè. Àwọn tó ti fi kọ́ra lè gba tó 90 nígbà tí gúlúkóòsì bá dàpọ̀ mọ́ fúrúkítóòsì. Ohun tí a kò bá dán wò nínú eré gígùn, kí a má ṣe lò ó lọ́jọ́ ìje.

Omi mímu náà ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá mu omi ju èyí tó ń làágùn lọ lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín kù débi tí yóò fi ṣàìsàn tàbí kú. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2005, tí wọ́n ṣe lára sárésáré 488 tó kópa nínú Máràtọ́ọ̀nù Boston ti ọdún 2002, rí ìṣòro yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Kí òùngbẹ máa tọ́ni sọ́nà ni ìmọ̀ràn tó ṣe gúnmọ́.

Ìdẹwọ́ àti ọjọ́ ìje

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn, a máa ń dín kìlómítà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kéré sí èyí tí a ń sá tẹ́lẹ̀ ní ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. A kì í pa eré líle tì, ṣùgbọ́n a máa ń gé e kúrú. Ọ̀pọ̀ sárésáré ni ọkàn wọn kì í balẹ̀ ní àkókò yìí, tí wọ́n sì máa ń fẹ́ sá eré gígùn kan sí i. Kò sí àǹfààní ìfaradà tuntun tó lè dé kí ìje tó bẹ̀rẹ̀ mọ́, àárẹ̀ nìkan ni yóò kù lára.

Lọ́jọ́ ìje, ìyára tó dọ́gba ni ó ń mú àkókò tó dára wá. Ká ní ẹni tó ń lépa wákàtí 3 sá kìlómítà 30 àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 4:06 dípò 4:16, yóò jèrè ìṣẹ́jú 5. Bí okun bá wá tán, tó sì sá kìlómítà 12 tó kù ní ìṣẹ́jú 5:01, yóò pàdánù ìṣẹ́jú 9. Gbogbo èrè rẹ̀ ti lọ, ó sì ti jẹ gbèsè ìṣẹ́jú 4. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi máa ń sọ fún ẹni tuntun pé kí kìlómítà 10 àkọ́kọ́ rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju bí ó ti rò lọ.

Ìgbaradì nínú ooru

Ní ilẹ̀ olóoru, àkókò tí ìṣirò sọ kì í rọrùn láti rí. Ara gbọ́dọ̀ pín ẹ̀jẹ̀ láàárín iṣan tó ń ṣiṣẹ́ àti awọ ara tó ń tu ara lára, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá sì ní ọ̀rinrin púpọ̀, òógùn kì í tètè gbẹ. Máràtọ́ọ̀nù ìlú Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016 láti pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè lọ sí Eko Atlantic, tó sì gba orí afárá Third Mainland kọjá, jẹ́ àpẹẹrẹ irú ìje bẹ́ẹ̀. Oṣù tí ooru ń mú ni. Ẹni tó bá ti òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sá a nílò nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 kí ara rẹ̀ tó mọ ooru lára. Ó sì yẹ kí ó dín ìyára rẹ̀ kù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa fi bí ara ṣe rí lára rẹ̀ díwọ̀n dípò aago. Bí òyì bá ń kọ́ sárésáré, tí òtútù ń mú un nínú oòrùn, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ara rẹ̀ lè ti gbóná jù. Kí ó dúró, kí àwọn tó wà nítòsí fi omi tútù tu ara rẹ̀ lára kíákíá, kí wọ́n sì pe àwọn oníṣègùn.

Lẹ́yìn ìje

Iṣan máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ó tó bọ̀ sípò, bí ẹsẹ̀ kò bá tilẹ̀ dunni mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gba ọmọ ẹgbẹ́ níyànjú pé kí ó má sá ju Máràtọ́ọ̀nù méjì lọ lọ́dún, ọ̀kan ní ìgbà ìrúwé àti ọ̀kan ní ìgbà ìwọ́wé, kí ó sì fi àkókò tó wà láàárín wọn sá ìje kúkurú. Àkọsílẹ̀ ìgbaradì, ìyẹn kìlómítà, ìyára, oorun àti ìrora ojoojúmọ́, ni yóò fi hàn án ní ìgbà tó ń bọ̀ ibi tí ó ti yẹ kó fi kún un, àti ibi tí ó ti yẹ kó dẹwọ́.